Pẹpẹ-Iṣẹ́ tí kò Ṣeé Ṣí Nípò: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Ojú Windows 11

1.0 Ìfáàrà

Ó ti di àṣà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àpérò mú ìtàn-àròsọ kan, tàbí ewì kan, tàbí eré-oníṣe kan, kí ó sì tú u palẹ̀. Iṣẹ́ tí a gbé wá síwájú yín yìí yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà náà. Kì í ṣe ìwé ni a fẹ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe ibi tí à ń jókòó tì láti kọ ìwé lóde òní, èyíinì ni ojú kọ̀ǹpútà. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ojú náà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ti lámèyítọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ìdáhùn wa ni pé ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n ṣe, tí ó sì gbé ka iwájú ẹlòmíràn pé kí ó máa lò ó, kò lè ṣe kí ó má ní èrò kan nínú nípa irú ènìyàn tí olùlò náà jẹ́. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti wá èrò náà jáde, kí ó sì wò ó bóyá ó tọ́.

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Oríṣi àìní méjì ni ó wà nínú ohun èlò ìkọ̀wé. Èkíní ni àìní tí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọwọ́ ẹni láti tún un ṣe. Èkejì ni àìní tí ó dí ọ̀nà náà pa. Àwa tí à ń kọ èdè Yorùbá ti bá àìní àkọ́kọ́ gbé fún ìgbà pípẹ́, a sì mọ̀ ọ́n. Èkejì ni a rí nínú pẹpẹ-iṣẹ́ Windows 11, ìdí tí a sì fi gbè é lẹ́sẹ̀ kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ju bí a ti lè rò lọ. Àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí ó wà ní Agbowó, ní ọ̀kánkán ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, àti èyí tí ó wà ní Bódìjà, ni a ti ṣe àkíyèsí tí a fi ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn.

2.0 Ọ̀rọ̀ nípa èdè-ìperí

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a fún ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní orúkọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí ó dáwọ́ lé. Nítorí náà ni kálukú fi ń pe àwọn ohun inú kọ̀ǹpútà bí ó ti wù ú. Ní Agbowó, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń tẹ̀wé fún oníbàárà ni, ‘Ẹ wò ó nísàlẹ̀ yẹn, fáìlì yín wà níbẹ̀.’ Àpèlé yìí fúnra rẹ̀ tó ẹ̀rí: ibi tí nǹkan náà wà ti di orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé kò lè sí níbòmíràn mọ́.

Nínú iṣẹ́ yìí, pẹpẹ-iṣẹ́ ni a óò máa pe ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní taskbar. A mú ọ̀rọ̀ náà nítorí pé pẹpẹ, nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ ibi tí a ń to nǹkan sí kí ó lè tètè bọ́ sí ọwọ́. Ẹni tí ó ni ilé ni ó sì ń pinnu ògiri tí pẹpẹ yóò wà lára rẹ̀. Obìnrin tí ó ń ta ata ní ọjà Bódìjà mọ ibi tí òun yóò kọ ojú àtẹ òun sí, ó mọ èyí tí yóò wà ní iwájú àti èyí tí yóò wà lẹ́yìn. Bí oòrùn bá yí, òun náà a yí àtẹ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ọ. Fèrèsé ni a óò sì máa pe ìwé tàbí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣí sójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ṣe é pè é ní èdè tiwọn.

3.0 Ìtàn pẹpẹ-iṣẹ́ ní ṣókí

Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà gbé Windows 95 jáde. Ibẹ̀ ni pẹpẹ-iṣẹ́ ti kọ́kọ́ fara hàn nínú Windows bí a ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú bọ́tìnnì Start ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá òsì. Ìsàlẹ̀ ni ó máa ń wà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi máòsì mú un, kí ó wọ́ ọ lọ sí òkè, sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Ó lè fẹ̀ ẹ́ kí ó gba ìlà méjì. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan kún un: ẹni tí ó bá ti gbé pẹpẹ rẹ̀ sí ibi tí ó fẹ́ lè tì í pa níbẹ̀, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe pàtàkì nínú àlàyé wa, a óò sì padà sí i.

Ní 2009, Windows 7 pa orúkọ àwọn fèrèsé rẹ́ lórí pẹpẹ, ó sì fi àmì lásán rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ orúkọ lè dá a padà. Ní 2012, Windows 8 yọ bọ́tìnnì Start kúrò pátápátá. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa kò kéré, nígbà tí ó sì di 2013, Windows 8.1 dá bọ́tìnnì náà padà. Ní gbogbo àsìkò yìí, títí kan Windows 10 tí ó jáde ní oṣù keje ọdún 2015, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú kọ̀ǹpútà ni pẹpẹ lè gbé.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Windows 11 jáde pẹ̀lú pẹpẹ tí a tún kọ́ láti ìpìlẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ kóra jọ sí àárín. A lè kó wọn lọ sí òsì, ṣùgbọ́n pẹpẹ fúnra rẹ̀ kò kúrò ní ìsàlẹ̀. Òmìnira tí ó ti wà fún ọdún 26 lọ. Kò sí ọ̀nà nínú ètò rẹ̀ láti fi orúkọ fèrèsé hàn. A kò tilẹ̀ lè fa fáìlì kan lọ sórí àmì kan lórí pẹpẹ náà kí ó ṣí i níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan padà: fífa fáìlì padà ní 2022, orúkọ fèrèsé padà ní 2023. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé, tí ìtọ́jú Windows 10 dópin, tí a sì ń rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n kọjá sí Windows 11, pẹpẹ náà kò tíì ní àyè láti lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè.

4.0 Àtúpalẹ̀

4.1 Ọ̀rọ̀ àyè

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn lè sọ pé kí ni àǹfààní ìlà kékeré yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì, 1,366 láti òsì dé ọ̀tún, 768 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pẹpẹ Windows 11 gba 48 nínú 768 yìí. Ìdá kan nínú ìdá 16 ni èyí jẹ́. Ti Windows 10 jẹ́ 40. Bí a bá tún ro àwọn ìlà tí ètò ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ gbà lókè àti nísàlẹ̀, àyè tí ó ṣẹ́kù fún ọ̀rọ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni a gbé 48 kan náà lọ, kò ní tó ìdá kan nínú ìdá 28 ìbú ojú náà. Ìwé tí à ń kọ ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣófo lójú kọ̀ǹpútà láìsí ohun tí a ń fi í ṣe.

Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Èdè wa ní àmì lórí, ó ní àmì nísàlẹ̀. Bí ìlà bá fún jù, àmì ohùn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yóò máa kan àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ òkè, a kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti ta ni. Nítorí èyí, a gbọ́dọ̀ la àyè sáàárín ìlà ju bí elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń là á lọ. Ìlà tí ó hàn lójú ẹ̀ẹ̀kan náà yóò dín. Kò sì sí bí a ti lè yẹ àmì wò láìjẹ́ pé a rí gbólóhùn tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e: ẹni tí ó rí ‘oko’ láìlámì kò lè mọ̀ bóyá oko tí a ń dá ni tàbí òkò tí a ń sọ, àfi bí ó bá rí ohun tí ó yí i ká.

A gbà pé Windows 11 fi àyè sílẹ̀ láti mú kí pẹpẹ náà máa fara pamọ́ bí a kò bá lò ó. Ṣùgbọ́n lórí pẹpẹ náà gan-an ni àmì tí ó ń sọ kíbọ́ọ̀dù tí a ń lò wà. Ẹni tí ó ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì sínú iṣẹ́ Yorùbá ń yí kíbọ́ọ̀dù padà nígbà gbogbo. Bí pẹpẹ bá fara pamọ́, àmì náà bá a lọ. Kí a tó mọ̀, a ti tẹ gbólóhùn kan tán pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí kò yẹ. Èyí ni pé a ní kí olùlò yan ọ̀kan nínú méjì, àyè tàbí ìmọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé bí pẹpẹ bá lè lọ sí ẹ̀gbẹ́, méjèèjì ni ì bá ní.

4.2 Ọ̀rọ̀ orúkọ

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 títí di 2023, kò sí ìjánu lórí pẹpẹ Windows 11. Bí a bá ṣí ìwé mẹ́fà nínú ètò ìkọ̀wé kan náà, gbogbo wọn yóò kóra jọ sábẹ́ àmì kan ṣoṣo tí kò ní orúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ èwo gbọ́dọ̀ gbé máòsì lé àmì náà, kí ó dúró, kí àwòrán kéékèèké yọ, kí ó sì yan ọ̀kan nínú àwòrán tí wọ́n jọ ara wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ ti ń lọ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Agbowó ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn jọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó ti ẹ̀rọ. Oníbàárà mẹ́rin tàbí márùn-ún dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ kí a tún ojú-ìwé àkọ́kọ́ ṣe, èkejì fẹ́ kí a to àtẹ, ẹ̀kẹta ń wá ẹ̀dá mẹ́ta kíá kí ọ́fíìsì tó tì. Fáìlì wọn jọra ní orúkọ: Orí Kẹta, Orí Kẹta Àtúnṣe, Orí Kẹta Tuntun. Nínú irú iṣẹ́ yìí, orúkọ tí ó hàn gbangba lórí pẹpẹ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ó ń yà iṣẹ́ ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹnìkejì.

Àwa náà ti tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ kan tí a ń kánjú, a mú fèrèsé tí kì í ṣe òun, a sì tẹ orí kẹta ti àtijọ́ jáde, èyí tí a kò tíì fi àmì ohùn sí tán. Ó dé ọwọ́ olùdarí iṣẹ́ wa kí a tó mọ̀. Ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa, a kò sì dì í ru ẹ̀rọ tàbí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ohun tí ó kọ́ wa nìkan ni a fẹ́ sọ: ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ tí ó pé àti èyí tí kò pé lè jẹ́ orúkọ kan tí ojú kò rí.

5.0 Àwíjàre àwọn tí ó ṣe é

Kì í ṣe ìwà lámèyítọ́ láti dájọ́ láìgbọ́ ẹnu ẹnìkejì. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba ní 2022, ìdáhùn tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ṣe àkóso Windows ní apá méjì. Apá kìíní ni pé pẹpẹ náà jẹ́ tuntun láti ìpìlẹ̀, àti pé bí ó bá lè wà ní ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ ńlá ni láti mú kí gbogbo ètò yòókù mọ bí wọn yóò ti tún ara wọn tò yí i ká. Apá kejì ni pé àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ kò pọ̀ tó àwọn tí ó ń béèrè ohun mìíràn.

A fara mọ́ apá kìíní dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé tuntun kò lè parí gbogbo yàrá lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn tún ń fi ire olùlò kún àlàyé náà: wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣèèṣì wọ́ pẹpẹ wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọn kì í sì mọ bí wọn yóò ti dá a padà, pé olùkọ́ tí ó ń kọ́ ogún ènìyàn ní kọ̀ǹpútà fẹ́ kí gbogbo wọn máa wo ibì kan náà. Lójú wọn, àwa tí à ń ráhùn dà bí òròmọdìẹ tí à ń gbà lọ́wọ́ ikú, tí ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ mu. Ìdáhùn sí àṣìṣe ọwọ́ ti wà láti 2001, òun ni kọ́kọ́rọ́ tí a mẹ́nu bà ní ìpín 3.0. Ẹni tí ó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lè ti pẹpẹ rẹ̀ pa sí ìsàlẹ̀ kí oníbàárà má baà tètè ṣí i. Ẹni tí ó wà nínú yàrá tirẹ̀ lè ṣí i kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì, ọwọ́ olùlò ni ó sì wà. Ohun tí Windows 11 ṣe ni pé ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì.

Bódìjà lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ibi tí ó yẹ kí òmìnira dé àti ibi tí kò yẹ kí ó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ilé Bódìjà sílẹ̀ ní ìlànà: ilé gbígbé níhìn-ín, ọ̀nà lọ́hùn-ún. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ilé gbígbé náà ti di ọ́fíìsì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn onímọ̀ ìlànà ìlú ń ráhùn, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tí ẹnìkan ṣí ń kó ọkọ̀ wá sí ẹnu-ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Òmìnira tí ó ń ni ẹlòmíràn lára yẹ kí ó ní òdiwọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ni pẹpẹ-iṣẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà mi ń ni lára? Kò sí aládùúgbò kankan níbẹ̀.

6.0 ‘Wọn kò pọ̀’

Apá kejì àwíjàre náà ni ó kàn wá jù. Àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ kò pọ̀: ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí etí wa. Ẹni tí ó bá ṣí àwọn ìdìpọ̀ ìwé àpérò tí a tẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 yóò rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a fi tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn, ṣùgbọ́n bírò ni a fi kọ́ àmì sí i. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò rò wá mọ́ àwọn tí yóò lò ó. A kò pọ̀ tó lójú wọn. Òǹkọ̀wé tàbí akọ̀wé rẹ̀ a jókòó lẹ́yìn tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán, a sì máa fi ọwọ́ sàmì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú-ìwé kìíní dé ìparí. Iṣẹ́ akọ ni. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 ni a fi irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú ṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kò ní ohun tí a ń wá, ṣùgbọ́n kò dènà wa. Ìwé tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ wa, àyè sì wà láàárín ìlà fún bírò. Èyí ni a pè ní àìní tí ó fi ọ̀nà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lónìí pẹ̀lú ìlànà Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé ń tẹ̀lé. Ìlànà náà fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní ààyè kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Nínú àwọn fọ́ǹtì kan, àmì náà kì í jókòó dáadáa. Síbẹ̀, a fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa láti so wọ́n pọ̀, a sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, àjọ African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlá jẹ́ olùdarí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí èdè Yorùbá yóò ti rí ojú kọ̀ǹpútà gbà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe nítorí pé ọ̀nà ṣí.

Pẹpẹ Windows 11 yàtọ̀. Kì í ṣe pé a kò ní in rí; a ní in, a sì gbà á. Kò sí àyè fún bírò níbẹ̀. Bí ‘wọn kò pọ̀’ bá tó ìdí láti gba ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọdún 26, nígbà náà, kò sí ohun tí àwa tí à ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ń lò nínú kọ̀ǹpútà tí a kò lè fi ìdí kan náà gbà. Àwa náà kò pọ̀.

Ó tún yẹ kí a béèrè bí a ti ń ka ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni a kà, ẹ̀rọ kan ní Agbowó jẹ́ ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ènìyàn lè gba iṣẹ́ níwájú rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó kọ ẹ̀hónú ránṣẹ́ ni a kà, àwọn tí kò ní dátà tàbí àkókò fún ẹ̀hónú kò sí nínú rẹ̀. Iye máa ń dáhùn ìbéèrè tí a bá bi í. Kì í dáhùn èyí tí a kò bi í.

7.0 Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn olùlò kò sì káwọ́ gbera. Àwọn kan ṣe ètò kéékèèké tí ó ń dá pẹpẹ àtijọ́ padà, bíi ExplorerPatcher àti StartAllBack. Bírò tuntun ni a lè pe àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìwé tí bírò yìí ń kọ lé lórí kò dúró sójú kan: ní 2024, nígbà tí ẹ̀dà 24H2 ń bọ̀, ó kọ̀ láti wọ inú kọ̀ǹpútà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà, àfi bí a bá kọ́kọ́ yọ wọ́n. Ẹni tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè gbára lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Ubuntu tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀, inú èdè àwọn ènìyàn apá ibẹ̀ ni a sì ti mú orúkọ náà, tí ó ń sọ nípa ìwà ọmọlúàbí láàárín ẹni àti ẹnìkejì. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà 11.04 jáde ní 2011, apá òsì ni a kan pẹpẹ rẹ̀ mọ́. Àwọn olùlò bẹ̀bẹ̀, a kò gbà fún wọn. Ó di ẹ̀dà 16.04 ní 2016, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí pẹpẹ náà tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Orúkọ rere kò tó. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún olùlò láti pinnu ni ẹ̀rí ìwà. Ní ti KDE Plasma, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pẹpẹ rẹ̀ ń lọ. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣòro, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú kó lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá lè kó lọ, kí ó kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, fáìlì tí a bá sì tò dáadáa nínú ètò kan lè tú nígbà tí a bá ṣí i nínú òmíràn.

8.0 Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ní èrò nínú nípa ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Èrò Windows 95 ni pé onílé ni olùlò, ó mọ ògiri tí ó fẹ́ kan pẹpẹ rẹ̀ mọ́. Èrò Windows 11, bí ó ti rí ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀, ni pé ayálégbé ni, tí kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i. A gbà pé ẹni tí ó ṣe nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bí yóò ti rí nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde. A kò gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti pinnu pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́ láé lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àbá wa fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀. Èkíní, kí a fi èdè-ìperí fún àwọn ohun ojú kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí kò lórúkọ lẹ́nu wa, a kò ní mọ̀ nígbà tí a bá gbà á lọ́wọ́ wa. Èkejì, kí a máa ṣe lámèyítọ́ irú àwọn ohun èlò wọ̀nyí bí a ti ń ṣe ti ìwé. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe gba ‘wọn kò pọ̀’ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí ó parí ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó fi bírò sàmì sínú ìwé àpérò àtijọ́ kò pọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà wà fún ọwọ́ wọn, a ṣì lè ka ohun tí wọ́n kọ lónìí, kí a sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.